Ọ̀mì Nílé Kì í Ṣe Ọgbọọgba

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: ọ̀mì. Ẹ tan rédíò yín ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé sí ilé iṣẹ́ tó ń fi Yorùbá ka èsì bọ́ọ̀lù, ẹ ó gbọ́ ọ: ayò kan sí ẹyọ kan, wọ́n ta ọ̀mì. Góòlù ti di ayò, eré tí ẹnikẹ́ni ò borí ti di ọ̀mì. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi ẹ mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí irú èyí kọjá lásán. Bí eré kan bá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ eré mìíràn, ọ̀rọ̀ náà kì í dá wá. Ó máa ń ru ẹrù ilé rẹ̀ dání. Ẹrù tí ọ̀mì rù wá sórí pápá bọ́ọ̀lù kò bá ibẹ̀ mu tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ọpọ́n ná. Ojú méjìlá, mẹ́fà lọ́dọ̀ mi, mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Bí eré bá tán, tí mo ka tèmi tó jẹ́ 24, tí ìwọ náà ka tìẹ tó jẹ́ 24, ọ̀mì ni. Kò sí ọ̀ta, kò sí òpè. Bó tilẹ̀ jẹ́ abẹ́ igi bàbá mi la ti ta á, kódà kó jẹ́ ọpọ́n bàbá mi, n kò fi ọmọ ayò kan jù ọ́ lọ. Ọ̀mì inú ayò, ọgbọọgba gidi ni. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Bọ́ọ̀lù ní onílé, ó sì ní àlejò. Ìgbà tí ọ̀mì dé orí pápá ló pàdé ohun tí kò bá pàdé rí: ilé.

Ibi tí mo ti mọ ohun tí ọ̀mì nílé ń ṣe sí èèyàn ni Edinburgh, ní Skọ́tílándì, nígbà tí mò ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé mi ní ìparí àwọn ọdún 1970. Hearts àti Hibernian ni gbogbo ìlú mọ̀. Èmi, tí owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan, Meadowbank Thistle ni mo yàn, torí pápá wọn ò jìnnà síbi tí mò ń gbé. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ferranti ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ferranti Thistle ni wọ́n ń jẹ́. Ní 1974 wọ́n gbà wọ́n sínú líìgì Skọ́tílándì, ṣùgbọ́n òfin líìgì kò fàyè gba orúkọ ilé iṣẹ́, ni wọ́n bá fi orúkọ pápá tí wọ́n á máa lò jẹ́. Ìdíje Kọmọ́nwẹ́ẹ̀lì ọdún 1970 ni wọ́n kọ́ pápá Meadowbank fún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló lè gbà. Àwa tí à ń wá, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni. Apá kan ṣoṣo la máa ń jókòó sí, apá kejì á ṣófo bí ọjà tó tú. Ọ̀nà táwọn sárésáré ń sá wà láàárín àwa àtàwọn agbábọ́ọ̀lù. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ bí aṣọ́lé ṣe ń bú àwọn ará ẹ̀yìn rẹ̀.

Nírú ibẹ̀, oríṣi méjì ni ọ̀mì nílé. Èkíní: àlejò ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ẹ wá sá tẹ̀lé wọn títí tẹ́ ẹ fi dá a padà nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè. Ìyẹn a dà bí owó tó sọnù tá a tún rí. Èkejì: ẹ̀yin lẹ ti wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ku ìṣẹ́jú mélòó kan, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé yín. Èsì kan náà, póíǹtì kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń jáde lẹ́yìn èkejì: kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ títí dé ibùdókọ̀. Àwọn àlejò tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kan wá, orin ni wọ́n ń kọ. Tó bá jẹ́ ọgbọọgba ni lóòótọ́, kí ló dé tí ẹnì kan ń kọrin, tí ẹnì kejì ń fajú ro?

Ìṣirò náà tún wà níbẹ̀. Nígbà yẹn, póíǹtì méjì ni ẹni tó bá borí ń gbà. Ọ̀mì, póíǹtì kan. Ọ̀mì jẹ́ ìdajì ìborí. Ẹ́ńgílándì sọ ìborí di póíǹtì mẹ́ta ní 1981, lẹ́yìn tí Jimmy Hill ti jà fún un. Skọ́tílándì ò ṣe é títí di sáà 1994–95. Láti ìgbà náà, ọ̀mì méjì ò tó ìborí kan mọ́, àfi mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ọ̀mì, póíǹtì rẹ̀ ò dín, síbẹ̀ ó ti kéré sí i. Bí owó ìfẹ̀yìntì wa ló rí: iye tí wọ́n ń san ò yí padà, ọjà ló yí padà.

Àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo ayé ló ń fajú ro. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn kan náà, ẹnì kan wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí kò dé Skọ́tílándì rí, tó ń gbàdúrà kí Meadowbank ta ọ̀mì nílé. Tẹ́tẹ́ púùlù ni. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tẹ́ ẹ ń tẹ X lórí fóònù, bàbá tẹ́tẹ́ yín nìyẹn.

Ní 1923 ni John Moores àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá Littlewoods sílẹ̀ ní Liverpool. Ìwé 4,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ tí wọ́n pín fún èrò níwájú pápá Manchester United. 35 péré ló padà wá. Síbẹ̀ ó gbilẹ̀. Ní 1936 àwọn aláṣẹ líìgì Ẹ́ńgílándì fẹ́ pa á: wọn ò jẹ́ kí aráyé tètè mọ ẹni tó máa bá ẹni pàdé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáwọ́. Ní 1959 ilé ẹjọ́ sọ pé líìgì ló ni ètò ìdíje rẹ̀, ni àwọn onípúùlù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún un. Èyí tó kàn wá jù ni ti 1946, nígbà tí eré tí wọ́n pè ní Treble Chance dé: yan ìdíje mẹ́jọ, ọ̀mì ló sì ń gba póíǹtì jù. Bí ọ̀mì ṣe di ọba nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọn ò kà sí nílùú tiwọn gan-an wá di ẹni tí wọ́n ń jiyàn lé lórí lábẹ́ igi lọ́dọ̀ wa.

Mo mọ orúkọ Cowdenbeath àti Arbroath kí n tó mọ ibi tí Edinburgh wà. Àwọn àgbà àdúgbò wa ti fi fáwẹ̀lì há àárín kọ́ńsónáǹtì wọn, wọ́n ti fún wọn lóhùn: Kaudinbíìtì, Ábúróòtì. Bí òyìnbó Ìlú Ọba bá lọ sinmi, wọ́n á yíjú sí bọ́ọ̀lù Ọsirélíà. Ọkùnrin á fi báírò fa ilà sábẹ́ ìdíje kan, á ní báńkà òun nìyẹn, ọ̀mì tó dájú. Mo mọ ilé tí owó ilé ìwé ọmọ ti bá báńkà lọ. Ẹni yẹn mọ orúkọ ẹgbẹ́ náà ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó mọ ipò rẹ̀ nínú líìgì, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀mì kì í fẹ́ràn ẹgbẹ́ kankan.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èsì náà. Ní Edinburgh mo máa ń gbọ́ James Alexander Gordon, ọmọ bíbí ìlú náà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì lórí rédíò BBC ní 1974, tí kò fi í sílẹ̀ títí di 2013. Kó tó dárúkọ iye góòlù ẹgbẹ́ kejì, ẹ ó ti mọ bó ṣe já sí. Bí onílé bá borí, ohùn rẹ̀ á gòkè lórí orúkọ àkọ́kọ́, á wálẹ̀ lórí ìkejì. Bó bá jẹ́ àlejò ni, á yí i padà. Bó bá jẹ́ ọ̀mì, ohùn kan náà ló máa fi pe méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi lo àpẹẹrẹ yìí ní kíláàsì. Ohùn tiwa ń yí ọ̀rọ̀ padà: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ohùn tirẹ̀ ò yí orúkọ kankan padà. Ìhà tí ayọ̀ wà ló ń fi hàn. Tó bá ti di ọ̀mì, ohùn náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó yọ̀, kò sẹ́ni tí nǹkan dùn. Bí onídìí ayò ló ṣe ń kà á: 24 sí 24. Àwa tá à ń bọ̀ láti Meadowbank mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti 1963. Òtútù ọdún náà kọjá àfẹnusọ. Yìnyín bo pápá, bọ́ọ̀lù ò ṣeé gbá ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn onípúùlù ń pàdánù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní, wọ́n kó àwọn àgbà bọ́ọ̀lù jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, Tom Finney, Tommy Lawton, Ted Drake, George Young, àti rẹfirí Arthur Ellis. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dá èsì fún ìdíje tí kò wáyé: onílé á borí níhìn-ín, àlejò á borí lọ́hùn-ún, èyí á jẹ́ ọ̀mì. Orí ìyẹn ni wọ́n gbé owó púùlù kà. Ẹ rò ó wò: ọ̀mì tí ẹnikẹ́ni ò gbá! Lójú atatẹ́tẹ́, ọ̀mì tó péye ni. Lójú olólùfẹ́ ẹgbẹ́, kì í ṣe nǹkan kan. Kò sẹ́ni tí òtútù mú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dákẹ́ dé ibùdókọ̀.

Ní sáà 1987–88, tí mo ti padà sílé tipẹ́, Meadowbank ṣe ipò kejì ní ìpele kejì líìgì, ẹ̀yìn Hamilton Academical. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹgbẹ́ méjì ló gòkè. Lọ́dún yẹn, wọ́n ń dín ìpele àkọ́kọ́ kù láti ẹgbẹ́ 12 sí 10, ẹyọ kan ṣoṣo ló gòkè. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ò ní padà lọ ka gbogbo ọ̀mì nílé ọdún náà lọ́kọ̀ọ̀kan? Ní 1995, àwọn tó ni ẹgbẹ́ kó o lọ sí Livingston, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn olólùfẹ́ ṣe ìwọ́de, kò ràn án. Ní 2004, Livingston na Hibernian, wọ́n gba ife. Lórí ìwé, ẹgbẹ́ kan náà ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n kó ilé rẹ̀ lọ ò lè ta ọ̀mì nílé mọ́. Ìgbà náà ló yé mi pé ìbànújẹ́ ọ̀mì nílé, ọlá kan ni: ẹni tó nílé ló ń jẹ ẹ́.

Lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n ti fi ọ̀mì nílé lé rẹfirí wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá rí. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rò pé ilé ni ó yẹ kó borí fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá pápá mu tán. Ó ń rán wa létí pé ọmọ ayò 24 ni àlejò náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Kó dùn yín. Ẹ fajú ro dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àlejò kọ orin rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ.