Ẹ̀jẹ̀, Ìtagìrì àti Bèbè Òkè Scarborough: Àwọn Fíìmù Adẹ́rùbani àti Àtúnṣe Wọn

Scarborough, tó wà ní apá ìlà-oòrùn Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, kì í sábà wá sí ẹnu àwọn tó ń kọ ìtàn fíìmù adẹ́rùbani, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni wọ́n ti ya díẹ̀ lára àwọn ìran tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rù ṣe ń pààrọ̀ aṣọ lójú sinimá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Elizabeth Simcoe, ìyàwó John Graves Simcoe tó ń ṣàkóso Kánádà Òkè fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló fún ibẹ̀ lórúkọ yìí ní 1793, nítorí pé àwọn òkè gàgàrà tó dúró létí adágún Ontario rán an létí ìlú Scarborough tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òkè náà nà tó nǹkan bíi kìlómítà 15, ibi tó ga jù lọ nínú wọn fi nǹkan bíi mítà 90 ga ju omi lọ, omi àti òjò sì ń jẹ ìdí wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún débi pé bèbè tí ènìyàn dúró sí lánàá lè máà sí níbẹ̀ lọ́la. Ìlú tó ń dá ṣe ìjọba ara rẹ̀ ni Scarborough títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1998, nígbà tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Toronto.

Àtúnṣe, nínú iṣẹ́ sinimá, ni fíìmù tuntun tí wọ́n fi ìtàn fíìmù àtijọ́ ya, tí wọ́n sì sábà máa ń fi orúkọ ti àkọ́kọ́ pè, kí àwọn tó mọ ti àtijọ́ lè wá wò ó, kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun. Ohun méjì ni àwọn òǹwòran máa ń fi díwọ̀n irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ ti ẹ̀rù: èkíní ni ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara tí wọ́n ń fà ya lójú gbogbo ènìyàn, èkejì sì ni ìtagìrì, ìyẹn ohun tó ń yọ síni lójijì tí ara fi ń bù máṣọ. Èrò tó gbilẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i nínú àtúnṣe, nítorí pé owó ti pọ̀ sí i, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ti mọ́ sí i, ojú àwọn òǹwòran sì ti le. Ìtàn àwọn fíìmù tí wọ́n ya ní Scarborough àti àyíká rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà fara mọ́ èrò yìí. Ohun tó hàn nínú rẹ̀ ni pé òfin owó orí, òfin ọjọ́ orí àwọn tó lè wọ ilé sinimá, àti àpò àwọn tó ń náwó ló ń pinnu bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, àti pé ìpayà tó dúró pẹ́ lọ́kàn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ẹ̀jẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó pẹ́ jù lọ ni Stereo, èyí tí David Cronenberg, ọmọ bíbí Toronto, ya ní Scarborough College, tó sì jáde ní 1969, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà, tó jẹ́ ẹ̀ka Yunifásítì Toronto, ni John Andrews yàwòrán rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960, ó sì fi kọnkéré gbé e ró láìkun ún lọ́dà, pẹ̀lú àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gba òkè wọlé sí. Kámẹ́rà tí Cronenberg rí lò ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣeé ṣe láti gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí fíìmù náà fi dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ohùn àwọn tó ń ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ń dán àwọn ènìyàn kan wò, tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa fi ọkàn bára wọn sọ̀rọ̀ láìlanu. Ẹ̀jẹ̀ kò kán sílẹ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń dá rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọnkéré yẹn, tí ohùn tútù kan sì ń sọ ohun tí iṣẹ́ abẹ ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò mọ̀ pé ilé fúnra rẹ̀ lè dẹ́rù bani.

Ó yẹ kí a rántí ìbẹ̀rẹ̀ yìí nígbà tí a bá dé orí The Fly, fíìmù tí ẹni kan náà ya ní Toronto ní 1986. Àtúnṣe ni ó jẹ́ fún fíìmù tí Kurt Neumann ṣe ní 1958 lórí ìtàn kan tí George Langelaan kọ. Nínú ti 1958, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ara rẹ̀ ti pò mọ́ ti eṣinṣin máa ń fi aṣọ bo orí, ìtagìrì tó tóbi nínú fíìmù náà sì wà ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ ṣí aṣọ náà. Cronenberg kò fi nǹkan kan bo ojú òṣèré rẹ̀, Jeff Goldblum: irun líle kọ́kọ́ hù sí i lẹ́yìn, èékánná rẹ̀ re, etí rẹ̀ já bọ́, eyín rẹ̀ sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi di pé kò sí ènìyàn mọ́ nínú ohun tó ń mí níwájú obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Chris Walas àti Stephan Dupuis ni ìbàjẹ́ ara yìí, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún un. Àtúnṣe tó ju ti àkọ́kọ́ lọ nìyí, nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ìbànújẹ́ lápapọ̀, nítorí pé ó ń sọ nípa àìsàn tó ń jẹ ènìyàn lójú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ohun tí ìdílé púpọ̀ mọ̀ dunjú.

Fíìmù tó so Scarborough mọ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe gan-an ni Prom Night, tí Paul Lynch darí. Kí ìtàn rẹ̀ tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí owó rẹ̀ ṣe wá. Láti àárín àwọn ọdún 1970, òfin owó orí Kánádà gba ẹni tó bá dá owó sí fíìmù tí ìjọba ti fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bíi ti ilẹ̀ náà láàyè láti yọ gbogbo owó ọ̀hún kúrò nínú iye tí wọn yóò bu owó orí lé. Bí àwọn oníṣègùn eyín, lọ́yà àti àwọn oníṣòwò tí kò mọ nǹkan kan nípa sinimá ṣe di ẹni tó ń náwó sí i nìyẹn, títí tí ìjọba fi gé àǹfààní náà sí ìdajì ní 1982. Fíìmù adẹ́rùbani ni ó rọrùn jù láti fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí kò nílò òṣèré olókìkí púpọ̀, kò sì nílò ààfin tàbí ogun. Ilé-ìwé kan, ọ̀bẹ kan àti ẹni tó da ìbòjú ti tó.

Ìgbà ooru 1979 ni wọ́n ya Prom Night, ó sì jáde ní 1980. Ilé-ìwé girama Don Mills ni wọ́n lò fún ilé-ìwé inú ìtàn, orí bèbè òkè Scarborough ni wọ́n sì ti ya ìran tí ọkọ̀ fáànù ti já bọ́. Ìtàn náà ni pé àwọn ọmọdé mẹ́rin ń ṣeré nínú ilé kan tó ti dahoro, wọ́n dẹ́rù ba ọmọbìnrin kan títí tó fi já láti ojú fèrèsé, ó kú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì mulẹ̀ pé àwọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní alẹ́ àríyá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dágbére fún ilé-ìwé, ẹnì kan tó da ìbòjú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Jamie Lee Curtis, ẹni tí fíìmù Halloween ti sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ọdún kan ṣáájú, ni ẹ̀gbọ́n ọmọ tó kú.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo fíìmù náà yóò rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń rántí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n fi àfọ́kù dígí gé lọ́fun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ àti dígí náà la rí ju ojú ọgbẹ́ lọ. Nínú ìran ti Scarborough, apànìyàn gún ọmọbìnrin kan nínú ọkọ̀ fáànù lóru, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sáré lọ dí ìdarí ọkọ̀ mú, àwọn ọkùnrin méjèèjì ń jìjàkadì bí ọkọ̀ náà ṣe ń sá lọ, apànìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì gba orí bèbè já sísàlẹ̀, ó gbiná. Òkùnkùn òkè àti iná tó tàn lójijì lókè omi ló gbé ìpayà ìran yẹn ró. Ìran kan ṣoṣo ló fi ẹ̀jẹ̀ hàn láìfi bò, èyí tí àáké fi gé orí ọmọkùnrin kan tí orí náà sì yí gbirigbiri lọ sáàárín àwọn tó ń jó, tí iná dísíkò ṣì ń tàn yanranyanran. Lẹ́yìn náà ni a mọ apànìyàn: arákùnrin ọmọ tó kú ni, ọmọdé tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí kò sì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ọ̀fọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá ìdílé kan ṣe parí ló wà nídìí gbogbo ìpakúpa náà, ìdí nìyẹn tí omijé Curtis níparí rẹ̀ fi wúwo ju àáké lọ.

Screen Gems gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2008, Nelson McCormick ni olùdarí, agbègbè Los Angeles ni wọ́n sì ti ya á. Orúkọ nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù nínú ti àtijọ́. Kò sí ọmọdé tó já láti fèrèsé, kò sí ìmùlẹ̀, kò sì sí bèbè òkè. Olùkọ́ kan tí ìfẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti sọ di wèrè ni ó pa ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó sì tún tọ̀ ọ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì níbi tí wọ́n ti ń ṣe àríyá. Idris Elba, ọmọ London tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sierra Leone àti Ghana, ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ná sí i, ó sì pa iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó gba ipò kìíní. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kéré sí ti 1980. Ọ̀bẹ ń lọ, kámẹ́rà ń yí ojú padà. Ìtagìrì rẹ̀ ń ti inú dígí, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àti ariwo orin tó bú gbàmù wá.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹgbẹ́ tó ń to fíìmù sí ìpele ní Amẹ́ríkà ti dá ìpele kan sílẹ̀ ní 1984 tí wọ́n ń pè ní PG-13, èyí tó ń kìlọ̀ fún òbí nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ṣùgbọ́n tí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, nígbà tí ìpele R kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 láyè láìsí àgbàlagbà pẹ̀lú rẹ̀. R ni Prom Night ti 1980, PG-13 sì ni ti 2008. Lẹ́yìn tí The Ring, àtúnṣe tí Gore Verbinski ṣe ní 2002 fún fíìmù Ringu ti ilẹ̀ Japan, ti fi hàn pé fíìmù PG-13 lè pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama lè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó bani nínú jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀fọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, nítorí ìpele kankan kò sọ pé kí wọ́n yọ ìyẹn.

Black Christmas fi ohun kan náà hàn láti ọ̀nà mìíràn. Toronto ni Bob Clark ti ya á, ó sì jáde ní 1974. Ohùn apànìyàn lórí tẹlifóònù, tó ń yí láti ohùn àgbà sí ti ọmọdé sí ti obìnrin nínú ìpè kan ṣoṣo, ni ìpayà rẹ̀. A kò rí ojú apànìyàn náà dáadáa, a kò sì mọ ìdí tó fi ń pànìyàn. Òkú ọmọbìnrin tí apànìyàn náà fi ọ̀rá bò lójú, tó jókòó sórí àga lókè àjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ẹni tó wá a débẹ̀, kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Àtúnṣe ti Glen Morgan ní 2006 fún apànìyàn náà ní ìtàn ìgbà èwe, apànìyàn náà ń yọ ojú àwọn ènìyàn, ó sì fi ohun tí wọ́n fi ń gé bísíkíìtì gé ẹran ara ìyá rẹ̀. Ti Sophia Takal ní 2019 tún padà sí PG-13. Fíìmù kan náà ló ti gòkè, tó tún ti sọ̀ kalẹ̀, èyí tó tó láti fi mọ̀ pé kò sí òfin kan tó ní kí àtúnṣe máa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìjọba Ontario náà ní ọwọ́ nínú ohun tí àwọn ará Scarborough lè rí. Ní 1911 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò fíìmù sílẹ̀ níbẹ̀, tó lè gé apá fíìmù kan dànù kí ó tó dé ilé sinimá; ní 1984, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé agbára tí kò ní ààlà tí ìgbìmọ̀ náà ń lò kò bá ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ Kánádà mu.

Òǹkàwé Yorùbá lè fi ìtàn àwọn àtúnṣe wọ̀nyí wé ohun tó sún mọ́ ọn. Ní ọdún kan náà tí wọ́n ń ya Prom Night ni Hubert Ogunde gbé Aiyé jáde nínú fíìmù, lẹ́yìn tó ti ṣe é lórí ìtàgé. Ẹgbẹ́ àjẹ́ tó ń da ayé rú àti babaláwo tó kojú wọn ló ń já àwọn òǹwòran láyà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé irú agbára bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò tiwọn. Nneka the Pretty Serpent tí Zeb Ejiro darí ní 1994 dúró lórí ìgbàgbọ́ kan náà nípa ẹ̀mí omi. Àtúnṣe tí Tosin Igho ṣe ní 2020 sọ ọ́ di ìtàn ọmọ tó ń gbẹ̀san ikú àwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀san wọ inú àtúnṣe ti Nàìjíríà, ó jáde nínú àtúnṣe Prom Night.

Ohun kan kù tó yẹ kí ẹni tó bá ń fi Prom Night méjèèjì wéra mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dà tó ṣókùnkùn ni àwọn ènìyàn rí wò nínú ilé, débi pé àwọn ìran alẹ́, títí kan ti orí bèbè Scarborough, fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú pátápátá, àwọn tó sì ń ròyìn ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń fi ọkàn ara wọn kún ohun tí ojú kò rí. Ní 2014, Synapse Films padà sí ojúlówó fíìmù náà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e jáde lórí Blu-ray. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti rí i dáadáa, láìsí àfikún, ibi tí ọ̀bẹ dé àti ibi tí kò dé.