Kíkàwé Gboyè Kejì àti Kẹta Láìjẹ Gbèsè ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé oyè tó ga jù, ìyẹn ti ọ̀mọ̀wé, ló sábà máa ń rọrùn jù láti kà láìyá owó, nígbà tí másítà ọdún kan tàbí méjì ń gbọ́n àpò ẹni gbẹ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Fáṣítì nílò iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń kàwé ọ̀mọ̀wé. Másítà ní tirẹ̀, ọjà ni wọ́n fi ń tà lọ́pọ̀ ibi.

Iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní asístáńṣíìpù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń ka oyè àkọ́kọ́, kó sì máa máàkì ìdánwò wọn. Ó sì lè jẹ́ pé ìwádìí ni yóò máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe, èyí tí àjọ ìjọba àpapọ̀ bíi NSF tàbí NIH sábà máa ń náwó lé. Fáṣítì á yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, á sì tún máa sanwó oṣù fún un. Àmọ́ kí ó ka lẹ́tà ìgbaniwọlé dáadáa: ọdún mélòó ni wọ́n ṣèlérí? Ta ni yóò san owó ìlera? Púpọ̀ nínú àwọn fáṣítì ti fẹnu kò pé ẹni tí wọ́n bá fún nírú owó bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní láti rò ó títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin.

Iṣẹ́ gidi ni o, kì í ṣe sàárà. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú físà F-1 kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, òṣìṣẹ́ bíi 48,000 yanṣẹ́ lódì ní Fáṣítì California nítorí owó tí kò tó gbọ́ bùkátà, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba ń gba owó orí lórí owó oṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í gbà á lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí fáṣítì yọ. Ní 2017, ilé aṣòfin kékeré fẹ́ fi owó orí lé èyí náà; akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, ọ̀rọ̀ náà sì wọlẹ̀.

Sikọ́láṣíìpù tún wà. Ti NSF tó bẹ̀rẹ̀ ní 1952 ń sanwó ọdún mẹ́ta, àmọ́ kò kan àlejò. Fulbright, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1946, kan àlejò. Ètò Fulbright kan tiẹ̀ wà tó ń kó ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ fi ọdún ẹ̀kọ́ kan kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò, ṣùgbọ́n wọn kì í gboyè níbẹ̀.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè rí ìrànwọ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀: 5,250 dọ́là lọ́dún ni òfin yọ kúrò nínú owó orí. Ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní ètò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní GI Bill.

Ẹ̀kọ́ òfin àti ti ìṣòwò ló le jù láti kà láìjẹ gbèsè. Owó yíyá ló pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìṣègùn rí, àfi ibi díẹ̀. Ní 2018, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Fáṣítì New York fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní 2024, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ruth Gottesman fi bílíọ̀nù kan dọ́là ta ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Albert Einstein ní Bronx lọ́rẹ, kí tiwọn náà lè di ọ̀fẹ́. Owó oúnjẹ àti ti ilé gbígbé kò sí nínú ọ̀fẹ́ náà.