Ètò Nọ́ńbà Tẹlifóònù ní Nàìjíríà

Ètò nọ́ńbà tẹlifóònù ni ìlànà tí orílẹ̀-èdè kan fi ń pín nọ́ńbà fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ohùn ẹni tí ó ń pè má baà ṣìnà sí etí ẹlòmíràn. Kò yẹ kí èyí ṣòro láti yé àwa ará Ẹdẹ Màpó Arógun, tí Tìmì Adétóyèsé Láoyè, ọba tí òkìkí ìlù lílù rẹ̀ kàn dé òkè òkun, jọba lé lórí láti 1946 sí 1975. Nítorí bí onílù ti ń ki oríkì orílẹ̀ kí ó tó kan oríkì ẹni, títí tí ẹnì kan ṣoṣo láàárín agbo yóò fi mọ̀ pé òun ni à ń pè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà ń ti orí orílẹ̀-èdè bọ́ sí orí ìlú tàbí ilé-iṣẹ́, kí ó tó kan olúwa rẹ̀.

ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ni ó pín ti orílẹ̀-èdè: 228 ni ti Tógò, 229 ti Bẹ̀nẹ̀, 233 ti Gánà, 234 sì ni tiwa.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ayé wáyà, lábẹ́ NITEL tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, ìlú ni nọ́ńbà ń jẹ́: 01 ni Èkó, 02 ni Ìbàdàn, 036 ni Ilé-Ifẹ̀, 035 sì ni Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, tí Ẹdẹ wà nínú rẹ̀. Òdo tí ó ṣíwájú ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ìpè náà ń jáde kúrò ní agbègbè, ṣùgbọ́n kò níṣẹ́ kankan fún ẹni tí ó bá ń pè láti òkèèrè. Ọmọ Ẹdẹ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ tí ń tajà ní Ọjà Tìmì sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà alágbèéká 0803, yóò tẹ 00, yóò tẹ 234, yóò yọ òdo kúrò, yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti 803. Bí ìyá náà bá sì fẹ́ pè é padà, 009 ni yóò fi jáde nílé, kí ó tó tẹ 44 ti Bìrìtìkó.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001, tí GSM, ìyẹn tẹlifóònù alágbèéká, dé, ni nọ́ńbà kúrò lọ́wọ́ ìlú tí ó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, àyípadà tí mo kà sí èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn yìí, nítorí láti ìgbà náà ni àgbẹ̀ tí ó wà létí odò Ọ̀ṣun àti oníṣòwò tí ó wà ní Kánò ti lè jọ máa jẹ́ 0803. Econet gba 0802, MTN 0803, M-Tel 0804, Glo sì gba 0805 nígbà tí ó dé ní 2003. Ẹyọ méje ni ó ń tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mílíọ̀nù mẹ́wàá nọ́ńbà péré ni ó lè ti inú rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n kún, a ṣí 070, 081, 090 àti 091.

Láti oṣù kẹrin 2013 ni NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ètò yìí, ti gbà kí ènìyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, nítorí náà 0803 kò fi dájú mọ́ pé MTN ni olúwa rẹ̀ ń lò. Láti ìparí 2020, a ní kí olúkúlùkù so síìmù rẹ̀ mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà tí ó ti jẹ́ ti ìlú rí wá di ti ẹni. Àwọn kéékèèké kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbogbò: 112 fún pàjáwìrì, àti láti 2023, 300 fún ẹni tí ó ní ẹjọ́ bá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sọ, 310 fún wíwo iye owó ìpè tí ó kù, lórí ilé-iṣẹ́ yòówù.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lópin. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, Bẹ̀nẹ̀ fi 01 ṣáájú nọ́ńbà gbogbo ènìyàn, ẹyọ mẹ́jọ sì di mẹ́wàá. Tiwa ni pé a ń gba èyí tí a kò lò padà: síìmù tí kò bá ná owó ìpè kankan fún oṣù mẹ́fà lè di títì, bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, a lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà, tòun ti ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ilé ìfowópamọ́ ṣì ń fi ránṣẹ́ sí ẹni àkọ́kọ́.