Ṣé Ayé Àtijọ́ Sàn Ju Tòní Lọ?

Bí àwọn àgbà bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ní Òrò, ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn ni pé ayé àtijọ́ dára. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá gbọ́ èyí, wọn a ní inú òkùnkùn ni àwọn baba wa gbé. Èwo ni kí a gbà nínú méjèèjì? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ibi tí wọ́n ń sùn, àti ẹni tí ó ni ara rẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ròyìn wọn fún ará òde gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n. Ní 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ère náà ju 800 lọ. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Irun wọn ní ọnà, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn, àwọn kan sì di ohun ìjà mú. Ẹni tí ó bá wo ère nìkan yóò rò pé ọlọ́lá ni gbogbo ará àtijọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹ́ ère ìwọ̀fà?

Oko ni ìpìlẹ̀ ìgbé-ayé wọn. Wọ́n ń gbin iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀wà. Àwọn obìnrin a máa se irú, wọn a máa po òrí, wọn a sì máa hun kíjìpá. Ilé amọ̀ tí a fi koríko bẹẹrẹ bò ni wọ́n ń sùn sí. Bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan lọ, àáró àti ọ̀wẹ̀ wà. Bí owó bá sì di ìṣòro, èésú wà. Ní ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa, tí ogun kò sì sí, ebi kì í sábà pa agbo ilé tí ó ní apá. Àmọ́ kí iṣu tuntun tó jáde, ọ̀pọ̀ ilé a máa fi ọwọ́ lé ikùn.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Ẹni tí ó bá ru ọ̀kẹ́ kan lọ sí ọjà ti di aláàárù kí ó tó ra ohunkóhun. Bí gbèsè bá wọlé, wọ́n lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé. Ojú owó kò dín rárá. Ogun tún wà. Ogun Kírìjì, tí Ìgbómìnà gbè sẹ́yìn Èkìtì nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1878. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àgọ́ ogun tó tú.

Ẹ̀rí tí ó dùn mí jù lọ wà nínú orúkọ. Ìdí tí a fi ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́ ni pé àwọn òbí ti sin ọmọ léraléra. Ìyá àgbà tí ó tọ́ mi bí mẹ́sàn-án, mẹ́ta péré ni ó kù. Kò jẹ́ ka orúkọ àwọn mẹ́fà yòókù létí wa. Ṣọ̀pọ̀ná, tí ó ń pa ọmọdé àti àgbà láyé ọjọ́un, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé.

Nítorí náà, àwọn àgbà kò purọ́: àáró tí wọ́n ń ṣàárò rẹ̀ jẹ́ ohun rere, a sì ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ nù. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò ṣìnà pátápátá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkùnkùn ọgbọ́n ni ó ṣe àwọn baba wa. Ikú, ogun àti gbèsè ni ó há wọn mọ́. Bí a bá fẹ́ yin ayé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí ka àwọn mẹ́fà tí ìyá àgbà kò kà mọ́ ọn.