Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Àlàyé Lórí Àsìkò àti Ètò Ìwọlé sí Ilé-ẹ̀kọ́ Ìṣòwò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí òwe yìí bá jáde lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ló sábà máa ń bá rìn: ọmọ tí a kò bá kọ́ nílé, ìta ni yóò ti dójú tini. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú òwe náà wò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó wà níkùn rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ lọ.

Ẹ wo “kó”. A kì í kó ẹyọ ohun kan. Ohun tó bá pọ̀, tó fọ́n káàkiri, là ń kó. Obìnrin tó ń ròde lọ́jọ́ Sátidé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ télọ̀, gèlè wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó yá a lò, ìlẹ̀kẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí, bàtà sì wà lọ́dọ̀ aránbàtà. Bó bá di àárọ̀ Sátidé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ, ìgbà tí wọ́n bá ń to àga padà sínú ọkọ̀ ni yóò dé òde. Ẹ tún wo “ẹ̀ṣọ́”. Ohun tí a fi ń ṣe ara lóge là ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà la sì ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ni. Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí í ṣe jagunjagun, àwọn ọmọ Ìkòyí sì ń fi orúkọ náà yangàn nínú oríkì wọn títí dòní. Ohun tí a bá tètè kó jọ nílé ń buyì kún ni, ó sì tún ń ṣọ́ ni lọ́nà. Nítorí náà, òwe àsìkò ni òwe yìí pẹ̀lú. Òde ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tó mú mi rántí rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà mi. Ìjánikin ni mo ń gbé, ibùdó ìwé sì ni agbègbè wa láti Òkókómáìkò wá síbí. Láti 1983, nígbà ìjọba Lateef Jákàńdè, ni LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ti wà ní Ọ̀jọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí a fi sọrí Adéníran Ògúnsànyà ní Ọ̀tọ̀-Ìjánikin di yunifásítì ní 2022. Federal Government College náà wà ládùúgbò. Bí ẹ bá dúró ní Ìyànà-Ìbà láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ti gba oyè àkọ́kọ́, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Àpápá, ní Òṣòdì, ní Erékùṣù. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní MBA, oyè kejì nínú ètò ìṣòwò, lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n bá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló yẹ kí n gba fọ́ọ̀mù?”, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé fọ́ọ̀mù ló kẹ́yìn.

Mo rí ọmọkùnrin kan ní òpópónà wa tí kò tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé owó ni ní ilé-iṣẹ́ kan. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ń jí ní aago mẹ́rin òru láti ka ìwé GMAT, ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò, yóò tún máa ṣe ìṣirò lórí fóònù nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì. Ó ṣe ìdánwò náà, ó yege dáadáa, gbogbo wa bá a yọ̀. Ìgbà yẹn ló tó rántí transcript, ìwé tó ń fi máàkì gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn ṣe ní yunifásítì hàn. Kò ní ẹ̀dà kankan lọ́wọ́. Ó san owó, ó kọ̀wé, ó pe ìpè títí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fojú sùn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú Oṣù Kẹsàn-án; ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí transcript dé. Ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe, ó sì ṣe é yanjú. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló fi sẹ́yìn, òun ló sì dá a dúró.

Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí á mú dání wà: ẹ̀ṣọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn la kọ́kọ́ ń lọ kó.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn bọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ńlá ní Amẹ́ríkà sábà máa ń gba ìwé ní ìpele: ti àkọ́kọ́ ń parí ní Oṣù Kẹsàn-án, ti kejì ní Oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ti kẹta ní nǹkan bí Oṣù Kẹrin. Kíláàsì a wá bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ tàbí Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹni tó ń ti òkèèrè bọ̀ kì í dúró de ìpele kẹta, nítorí àyè ti dín kù nígbà yẹn, owó ìrànwọ́ ti ń tán, àkókò fún físà kò sì tó mọ́. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gba ìpele àkọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé sílẹ̀ lọ́dún yìí. Bí a bá wá fi oṣù mẹ́fà kún un fún kíkó nǹkan jọ, ọdún kan àbọ̀ ni. Kò sí ibi tí kánjúkánjú ti lè wọ inú ìṣirò yìí.

Transcript ló ṣáájú. Ìwé ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ wa gbé kọ́ sára ògiri kò fi máàkì hàn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀dà tí ẹni tó ń wá àyè fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì tiwa sábà máa ń fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fi í ṣọwọ́ tààrà. Yálà nílé ni o ń lọ tàbí lókèèrè, gba ẹ̀dà tìrẹ pamọ́ lónìí. Ta ló mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá? Láti 14 Oṣù Kejì 2022 títí di 14 Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀. LASU kò bá wọn dúró, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa ti jáde. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ètò tí kò bá ní àlàfo nínú kò lè la irú rẹ̀ kọjá.

Ojú ọ̀nà wa gan-an ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Láti Marina dé Òkókómáìkò, ìrìn 27 kìlómítà, ni wọ́n ya ọ̀nà rélùwéè aláwọ̀ búlúù sí. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni èrò àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ náà, Mile 2 ni ó sì dé nígbà yẹn. N kò fi èyí bu ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ńlá kì í yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ọjọ́ tirẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ní láti fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí ló tẹ̀ lé transcript. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló yẹ kó kọ ọ́, ẹni tó rí ọ lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. A kì í lọ bá àgbà lọ́jọ́ Ajé pé kó kọ̀wé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Lọ bá wọn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, sọ pé, “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún yín.” Fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún wọn tó ń rán wọn létí iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe: gbèsè oníbàárà tí o gbà padà, ìṣirò ilé ìkẹ́rùsí tó dàrú tí o tò. Bí wọ́n bá ní kí o lọ kọ lẹ́tà náà wá kí àwọn fọwọ́ sí i, fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ gbọ́.

Orúkọ tún wà ńbẹ̀. Mélòó nínú wa ni orúkọ rẹ̀ rí bákan náà lórí ìwé WAEC, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìwé agùnbánirọ̀, NIN àti ìwé ìrìnnà? “H” kan ń bẹ níbí, kò sí lọ́hùn-ún. Orúkọ ọkọ ti rọ́pò ti bàbá. Ìbúra ní kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn la fi ń tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ kan kò sì tó fún un. Kó gbogbo wọn sórí tábìlì lálẹ́ òní, kí o fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí la tó wá kan ẹ̀ṣọ́ tó wà lọ́wọ́ ara ẹni: ìdánwò àti àròkọ. Láti 1954 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò tí à ń pè ní GMAT lónìí. Irú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2023 ń gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15. Ó ní apá mẹ́ta, máàkì rẹ̀ sì wà láàárín 205 sí 805. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 16. Nítorí náà, ṣe é nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà. Àròkọ ní tirẹ̀ dà bí àmàlà: gbígbóná kọ́ ni dídùn. Kọ ọ́, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, padà wá kà á sókè ketekete. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, irọ́ tàbí àsọdùn ló wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kan wà tí kò ṣe é tètè kó. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í bàjẹ́ nínú àpótí, àmọ́ gèlè tí a bá wé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò ti tú kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́. Èsì GMAT ń lo ọdún márùn-ún, ìlẹ̀kẹ̀ ni. Èsì IELTS tàbí TOEFL, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ju ọdún méjì lọ. Ẹni tó bá tètè ṣe é jù yóò tún owó san. Owó tí a gbọ́dọ̀ fi hàn fún físà Gẹ̀ẹ́sì ló gbẹgẹ́ jù lọ: ó gbọ́dọ̀ sùn sí báǹkì fún ọjọ́ 28 léraléra láìdín, ọjọ́ tí 28 náà pé kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sẹ́yìn ọjọ́ tí o béèrè físà. Ẹni tó yá owó ní àná kó lè fi hàn lónìí ti fi ara rẹ̀ sínú ewu. Kí ẹni tó ní ìdílé sì mọ̀ pé láti Oṣù Kìíní 2024, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ ṣe MBA ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbára lé wọn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí tọkọtaya jọ sọ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan ni.

Owó fúnra rẹ̀ ní àsìkò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦470 lọ ní iye tí ìjọba ń tà á. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó ti kó náírà rẹ̀ jọ pé ó tó, ó rí i pé kò tó ìdajì mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká wá owó ìrànwọ́ ní ìpele àkọ́kọ́, ká sì wo ilé ká tó wo òkèèrè. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. LASU ń ṣe MBA ní Ọ̀jọ́ níbí. UNILAG ní tirẹ̀. Lagos Business School tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991 wà ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Ìjánikin dé ibẹ̀, ìpẹ̀kun Èkó kan sí ìkejì ni.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé kí àwọn lọ ṣe MBA ní gẹ́rẹ́ tí àwọn bá sin ìlú tán. Ìmọ̀ràn mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ìlànà tí Harvard sọ di gbajúmọ̀, tí Lagos Business School náà ń lò, ni kí wọ́n gbé ìtàn ilé-iṣẹ́ kan kalẹ̀, kí olúkúlùkù sọ ohun tí òun ìbá ṣe. Kí ni ẹni tí kò tíì bá oníbàárà jà, tí kò tíì wá owó oṣù òṣìṣẹ́ kiri, fẹ́ sọ níbẹ̀? Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní Òkókómáìkò kì í gba òmìnira lọ́dún tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. MBA pẹ̀lú kọ́ ni òde tí à ń lọ. Ẹ̀ṣọ́ ni òun náà. Táyọ̀ Adérínókun gba oyè àkọ́kọ́ ní UNILAG, ó gba MBA ní UCLA ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé ṣiṣẹ́ báǹkì, kí òun àti Fọlá Adéọlá tó dá GTBank sílẹ̀ ní 1990. Iṣẹ́ yẹn ni òde. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀, ilé ni wọ́n ti kó o.

Ọmọkùnrin òpópónà wa kò jáwọ́. Èsì ìdánwò rẹ̀ ṣì dúró, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ni. Transcript ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, nínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan tó fi ọ̀rá wé nítorí òjò. Lọ́jọ́ tó fi í hàn mí, lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ ló kù, ó sì ti lọ bẹ̀ wọ́n ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́. Bí ìwọ náà bá ní irú èrò yìí, má tíì lọ ra ìwé GMAT lálẹ́ yìí. Mú bébà kan, kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ̀ṣọ́ rẹ wà lọ́wọ́ wọn sí i, kí o sì gba ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lọ lọ́la.