Ìkìlọ̀ Àgbà Lórí Ìlera ní Ìbàràpá: Ohun tí Ojú Rí àti Ìdí tí Ẹnu Sọ

Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í ti í kìlọ̀ fún ọmọdé nípa ara rẹ̀. Má lá ṣúgà jù, jẹ̀díjẹ̀dí ń bọ̀. Ẹ má fún ọmọ lẹ́yin jẹ, kó má baà di olè. Ẹ má dààmú nítorí ara gbígbóná yẹn, eyín ló ń hù. Àwọn kan gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn tó kàwé sì ń fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Tọ̀tún tòsì wọn ló kánjú. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ohun tí ojú àgbà rí, ìdí tí wọ́n rò pé ó fà á, àti ohun tí wọ́n ní ká ṣe sí i. Ọ̀kan lè jóòótọ́ kí èkejì má jóòótọ́, nítorí náà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wọ́n wò. Ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ni ibi tí èyí ti hàn jù, torí pé ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera ìgbèríko sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Láti ìgbà náà ni ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ ti di ohun tí àwọn oníṣègùn lè kà, kí wọ́n sì wọ̀n.

Ìbejì ni wọ́n fi ń mọ Igbó-Ọrà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kò síbi tí wọ́n ti ń bí ìbejì tó ibẹ̀. Nígbà tí Dókítà Patrick Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbímọ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bí 45 jẹ́ ìbejì; ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, nǹkan bí 12 ni. Ojú àgbà ríran, kò ṣì í wò. Ṣùgbọ́n ìdí tí ẹnu ń sọ, pé ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà iṣu ló ń fà á, kò tíì rí ẹ̀rí tó dájú. Ìbejì tó jọra bí ìmumu kì í ju nǹkan bí 4 nínú 1,000 lọ káàkiri ayé. Àwọn tí ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ló pọ̀ ní Igbó-Ọrà, ìyẹn sì máa ń rìn nínú ìdílé ìyá. Nylander tún rí i pé họ́mónù FSH, tó ń mú ẹyin obìnrin gbó, pọ̀ lára àwọn ìyá ìbejì. A kò lè sọ pé oúnjẹ ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá; ṣùgbọ́n ìlasa kì í ṣe oúnjẹ Igbó-Ọrà nìkan, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ pé òun ló fà á ń sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Àṣìsọ yìí, bó bá jẹ́ àṣìsọ, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó jẹ ìlasa tí kò bí ìbejì ti jẹ ẹ̀fọ́ tó ṣara lóore.

Ti sobìà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, nígbà kan rí, àrùn kòkòrò yìí a máa dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sobìà ti wà nínú ara gbogbo ènìyàn láti ìgbà ìbí, bí iṣan ti wà níbẹ̀, pé nǹkan kan ló máa ń rú u sókè. Níhìn-ín náà, ojú ríran: kòkòrò yìí máa ń wà nínú ara fún nǹkan bí ọdún kan kó tó yọrí. Ìtọ́jú wọn náà tọ̀nà, pé kí a fi sùúrù máa yí i mọ́ igi díẹ̀díẹ̀ kó má já. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣègùn òde òní ń ṣe, nítorí kò sí oògùn tó ń pa á. Ìdí nìkan ni kò tọ̀nà. Ní 1870 ni Aleksei Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ti rí i pé ẹ̀dá omi tíńtín kan tí ń jẹ́ cyclops ló ń gbé ọmọ kòkòrò náà sínú. Sobìà kì í bá ni wáyé. A mu ún ni.

Ẹnìkan lè bi wá pé, báwo ni àṣìsọ ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó gbọ́n, tí wọ́n sì fara balẹ̀ wo ayé? Ọdún kan tí kòkòrò náà fi ń fara pamọ́ ni ìdáhùn. Ẹni tó jẹ olú tó ní májèlé tó sì bì lọ́jọ́ náà mọ ohun tó jẹ. Ẹni tí sobìà yọ lẹ́sẹ̀ kò lè rántí ife omi tó mu ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé omi kan náà ni gbogbo ìlú ń mu, àti ẹni tó yọ lára rẹ̀ àti ẹni tí kò yọ lára rẹ̀. Pípẹ́ ọ̀rọ̀ kò sọ ọ́ di òótọ́. Níbi tí èsì bá ti ń tètè hàn, ọ̀rọ̀ àgbà ṣeé gbára lé púpọ̀. Níbi tí èsì bá ti ń pẹ́ kó tó dé, ojú nìkan kò tó, àfi ká kà á.

Ẹlòmíràn á ní bí ìkìlọ̀ bá ti dára, kí ló kàn wá pẹ̀lú ìdí? Àtakò yìí lágbára. Ẹ wo ti jẹ̀díjẹ̀dí: ìgbẹ́ líle àti fífi ipá yàgbẹ́ ló ń fà á, kì í ṣe ṣúgà. Síbẹ̀ ọmọ tó yẹra fún ṣúgà ti gba eyín rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ìdí ló ń darí ọwọ́. Bí sobìà bá jẹ́ àbímọ́, kí ni ènìyàn ń sẹ́ omi fún? Òwe wa ti mọ̀ tipẹ́ pé kí sobìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Ibi tó yẹ ká ti dènà rẹ̀ ni a kò mọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà wá sobìà kiri ní 1987 sí 1988, àwọn tí wọ́n rí lé ní 650,000. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tó mọ́, oògùn tí a dà sódò àti kíkọ̀ fún ẹni tó ní egbò láti wọ omi ni wọ́n fi bá a jà. Ní 2008 ni wọ́n rí i kẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Enúgu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní December 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà.

Ìkìlọ̀ mìíràn wà tí ìdí rẹ̀ àti àṣẹ rẹ̀ jọ burú. Ẹni tó ní kí ọmọdé má jẹ ẹyin lè máa dá ẹyin tí yóò pa sí. Ṣùgbọ́n ní 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, nípa àrùn tó ń wú ara ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, àìtó oúnjẹ amúaradàgbà ni a sì wá mọ̀ mọ́ ọn. Ẹyin wà lára oúnjẹ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò jù. Ti eyín tún le ju ìyẹn lọ. Eyín tó ń hù lè mú kí ọmọ máa dátọ́ kó sì máa sunkún, ṣùgbọ́n kì í fa ibà gidi tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ṣi èyí mú: ní ọ̀rúndún 19, ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ eyín híhù sílẹ̀ pé òun ló pa ọmọdé. Ní ìparí 2008, oògùn eyín My Pikin tí májèlé wọ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó pò ó ni májèlé jẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ pé eyín jẹ́ àrùn tó ń fẹ́ oògùn ló ṣí ọjà sílẹ̀ fún un.

Ohun tó tọ́ sí àgbà tó kìlọ̀ ni pé ká gba ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ẹ̀rí, ká wádìí ìdí tó sọ, ká sì bi ara wa pé bí ìdí yẹn bá jẹ́ àṣìsọ, ta ni yóò jìyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa jìyà, ẹ jẹ́ ká máa jẹ ìlasa wa lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná ni, ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí a tó máa wo ẹnu rẹ̀ fún eyín.