Bí Ìwé PDF Kò Bá Hàn Bí Ó Ti Yẹ Nínú Bíráwúsà

Bí ẹ bá ṣí ìwé Yorùbá kan lórí ìkànnì ìjọba, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó hàn bí ó ti yẹ, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ sí nínú rẹ̀. Bí àmì ohùn bá wà lórí lẹ́tà tirẹ̀ gan-an, ẹ máa kàwé yín lọ. Bí ó bá jẹ́ àpótí ṣófo ni ẹ rí, tàbí tí àmì náà sún sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, ìṣòro wà níbẹ̀.

Unicode ni ètò tí kọ̀ǹpútà jákèjádò ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ó ní nọ́ńbà kan fún Ò, ọ̀kan fún Ṣ, ọ̀kan fún Ọ. Ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ọ̀ tàbí Ọ́. Ẹ̀rọ ni yóò mú Ọ, tí yóò sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ fi lè jáde dáadáa kí ìparí rẹ̀ sì dàrú. Ní ti Ọ̀yọ́, lẹ́tà méjì nínú mẹ́ta ni ọ̀ràn náà kàn.

Fáìlì PDF lè gbé fọ́ńtì, ìyẹn àwòrán àwọn lẹ́tà, dání nínú ara rẹ̀. Bí ẹni tí ó ṣe ìwé náà kò bá fi í sínú rẹ̀, bíráwúsà yóò lo èyí tí ó bá rí lórí ẹ̀rọ, èyí sì lè má mọ àmì èdè wa. Nítorí náà ni ìwé kan fi lè dára lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí ó sì bàjẹ́ ní káfẹ́ ní Owódé l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 2013 ni Firefox ti ní ohun tí ó fi ń ṣí PDF fúnra rẹ̀. Chrome àti Edge ní tiwọn, wọn kò sì rí bákan náà. Ẹ gba fáìlì náà sílẹ̀, kí ẹ fi Adobe Acrobat Reader, tí a kì í sanwó fún, ṣí i. Bí ó bá dára níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ó bá ṣì dàrú, ẹ̀bi yín kọ́: ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ó ṣe é pé kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú fọ́ńtì nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi bírò tún orúkọ yín kọ sórí ìwé ìjọba. Ìwé tí a fọwọ́ yí lè di ìwé tí a kọ̀.

Àwọn fọ́ọ̀mù kan wà tí ohun tí ẹ ó rí nínú wọn kò ju “Please wait” lọ. Fọ́ọ̀mù ìwé ìwọlé sí Kánádà gbajúmọ̀ fún èyí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló ń falẹ̀, ẹ má fi dátà ṣòfò. Irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ bíráwúsà kò lè ṣí ni. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe fóònù, kí ẹ sì fi Acrobat Reader ṣí i.

Èyí tí ó ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà jù lọ, lójú tiwa, ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí nínú bíráwúsà, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò gbà á ní òfìfo. Ọmọ tí ó ń wá ààyè ní LAUTECH lè má mọ̀ títí ọjọ́ ìgbàwé yóò fi kọjá. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fi pamọ́, ẹ pa á dé, kí ẹ fi ètò mìíràn ṣí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá hàn, ẹ padà sí bíráwúsà, ẹ yan ìtẹ̀wé, kí ẹ sì mú “Save as PDF” dípò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà yóò wá di ara ojú ìwé, kò ní ṣeé yí padà nínú fọ́ọ̀mù mọ́, nítorí náà ẹ tọ́jú ti àkọ́kọ́.

Ìwé tí ó bá ṣí ní ìdajì, tàbí tí ó funfun báláú, sábà máa ń jẹ́ èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí ó ń wọlé. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un gbà. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ gbé ìwé tí NIN yín wà nínú rẹ̀ lọ sórí ìkànnì tí ẹ kò mọ̀ kí wọ́n lè bá yín tún un ṣe, ẹ má ṣe gbà.